Ohùn Wọlé Lórí Fóònù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé Mummy Akínwándé ní Thamesmead Moorings, ẹ̀wà ló ń jóná ní kíṣìnì. Mo pariwo láti ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Mummy, I'm hearing a smell o!" Ẹni tó bá ní làákàyè, ṣebí iná ló máa ní kí n lọ pa. Rárá o. Obìnrin náà jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Hear? Etí lo fi ń gbọ́ òórùn?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé Yorùbá ló ń fi gbọ́ kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, pé lọ́dọ̀ òyìnbó, etí ló ń hear, imú ló ń smell, ọ̀kan ò gbọdọ̀ bá èkejì ṣiṣẹ́. Kó tó parí ẹ̀kọ́, ìsàlẹ̀ ìkòkò ti di èédú. Èmi náà ni mo ha á.

Tó bá jẹ́ pé Ògbà ni, níbi tí mo ti ń ta oògùn ní kẹ́mísì kí n tó wá sí London, mi ò bá ti fún un lésì. Èmi Mọ́wùnmí, ẹnu mi kì í dákẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó bá mi wí tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, tíṣà kì í fẹ̀yìn tì." Inú mi bá rọ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́.

Ìṣẹ́yìn ló ti ṣe iṣẹ́ tíṣà. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ àwọn ọmọ pírámárì títí ó fi di ọ̀gá ilé ìwé. Ó ní méjì-méjì ni òun máa ń kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó. Borrow lápá òsì, lend lápá ọ̀tún, torí pé àwa la máa ń yá ẹnìkan ní ìwé, ká tún lọ yá ìwé lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọmọ ò sì ní mọ ọwọ́ tí ìwé wà. Learn àti teach, torí a máa ń kọ́ iṣẹ́, a sì máa ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Rob àti steal: èèyàn ni wọ́n ń rob, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n ń steal. Arm àti hand, torí ọwọ́ ni gbogbo rẹ̀ lójú tiwa, láti èjìká dé èékánná.

Ẹni tó dà á láàmú jù nínú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni Wọlé, àkọ́bí rẹ̀. Ọmọ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ pé "borrow me your pencil" títí ó fi hu irùngbọ̀n. Nígbà tó dàgbà tán, ó di àwàdà láàárín wọn. Gbogbo ọjọ́ Sunday tó bá pè láti Ìbàdàn, Mummy á ju ọ̀rọ̀ méjì sí i, Wọlé á mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, Mummy á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni kò yé mi.

Kì í ṣe pé ó fẹ́ gbé London o. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Auntie Fọlákẹ́mi, ló ní kó wá bá òun tọ́ Jayden, kó padà sílé tí ọmọ bá ti ń rìn. Jayden rìn, ó sáré, ó wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ìyá àgbà ò padà. Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọ lù ú, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ọwọ́ ọ̀tún lọ. Wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá sí pálọ̀ ìsàlẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́, omi tó wà lẹ́yìn ilé ló ń wò, àti àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó ń fò lọ nígbà tó bá wù wọ́n. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Mọ́wùnmí, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ mi, àmọ́ mo wà lẹ́wọ̀n."

Èmi náà ńkọ́? Auntie Fọlákẹ́mi ló ni ilé iṣẹ́ kékeré tó ń rán àwa olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó. Orúkọ ilé iṣẹ́ yẹn ló wà lórí físà mi, èmi sì ni ọkọ mi àti Tiwaladé ọmọ wa rọ̀ mọ́. Tí Auntie bá yọwọ́ lọ́rọ̀ mi, àfi kí n rí ilé iṣẹ́ mìíràn tó máa gbà mí kíákíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ká palẹ̀ mọ́. Mo ti wá a. Gbogbo ẹni tó bá irú físà yìí wá ló ń wá a. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá rẹ̀ gan-an ni Auntie wá yàn mí tì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà ní ọjà Beresford Square, mo ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lórí àtẹ, Auntie bá pè mí. Ó ní kí n wá bá òun nínú mọ́tò, lẹ́yìn ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti gbé orí lé sítíárìn, ó ń sunkún. Wọlé ti kú. Ó dìde lórí àga ní ọ́fíìsì n'Íbàdàn, ó ṣubú, kò dìde mọ́.

"Mummy ò gbọdọ̀ gbọ́," ni Auntie wí. "Ìfúnpá ẹ̀ ò lè gbé e. Mọ́wùnmí, kò gbọdọ̀ ti ẹnu ẹ jáde."

Mo ní, "Ha, Auntie! Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tù yín nínú. Kò ní ti ẹnu mi jáde."

Kò sóhun tó burú níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. A kì í já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu ìyá ọmọ lójijì. Nílé, àwọn àgbà á kọ́kọ́ ní ara ọmọ ò yá. Tó bá dọ̀la, wọ́n á ní ó le díẹ̀. Kó tó dọ̀túnla, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, aládùúgbò á ti jókòó yí i ká, ẹni tó dàgbà jù á sì sọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ ti wà nílẹ̀ tó máa dì í mú. Ìpamọ́ yẹn ní ibi tó ń lọ. Ní Thamesmead ńkọ́? Àwọn àgbà dà? Ta ló máa jókòó yí i ká? Pásítọ̀ Jeremiah ní ṣọ́ọ̀ṣì Auntie ní òun ṣì ń gbàdúrà sí i. Àwọn ẹbí nílé ní Auntie ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó sọ ọ́. Auntie ní ó dìgbà tí dókítà bá yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n sin Wọlé. Oṣù gorí oṣù, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Mummy ń béèrè. A ní fóònù Wọlé bàjẹ́. Ó tún béèrè, a ní wọ́n gbé Wọlé lọ sí Àbújá fún iṣẹ́, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ò dáa. Ó ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Àbújá?" Ó wò mí. Mo yíjú sí ògiri, mo ń ká aṣọ tí mo ti ká tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kórìíra ara mi. Tí mo bá wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé lẹ́yìn iṣẹ́, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Bó ṣe di pé Mummy pa ẹnu dé nìyẹn. Mo gbé oògùn ìfúnpá fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ò lò ó mọ́ àfi tí òun bá gbọ́ ohùn Wọlé. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, òkúta. Mo mú fóònù iṣẹ́, níbi tí a ti ń kọ bí ọjọ́ ṣe lọ, mo sì ń ka ohun tí mo ń tẹ̀ sókè: "Mrs Akínwándé declined..."

"Dúró níbẹ̀," ó ní. "Decline kọ́. Ẹni tó bá decline, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín síni, ó ní bóyá lọ́jọ́ mìíràn. Ṣé mo ń rẹ́rìn-ín? Refuse ni kó o kọ."

Mo kọ refuse. Mo ti ta oògùn rí, mo mọ ohun tí ìfúnpá ń ṣe fún ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti kọ lù lẹ́ẹ̀kan.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ojú Mummy ti wú, orí ń fọ́ ọ. Ìgbà náà ni Auntie gbé ìmọ̀ràn rẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Gafar, ó ń wa bọ́ọ̀sì, a jọ yá yàrá nínú ilé kan náà ní Plumstead. Ó ti bá mi gbé àpò ìrẹsì wá sí Moorings rí. Lọ́jọ́ tó kí Auntie lẹ́nu ọ̀nà, Auntie di ògiri mú. Ó ní ohùn Wọlé gan-an ni, kò yàtọ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré," Auntie ní. "Kó kí i, kó ní kó lo oògùn ẹ̀, kó pa fóònù."

Mo ní, "Auntie, ẹ jọ̀ọ́. Ká fi nǹkan pamọ́, ìyẹn lọ̀tọ̀. Ohun tá a fi pamọ́ ṣì wà níbi tá a fi í sí, ọjọ́ kan a lè lọ gbé e wá. Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ká ṣe yìí, irọ́ ni. A fẹ́ gbé nǹkan mìíràn sí ipò ẹ̀ ni. Mummy fúnra wọn ló kọ́ mi, hide lọ̀tọ̀, lie lọ̀tọ̀."

Ojú Auntie yí padà. "Ìwọ náà ti di tíṣà? Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Mọ́wùnmí, má jẹ́ kí n rántí orúkọ tó wà lórí físà ẹ o." Ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ìyá mi fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Inú ń bí mi sí i, àánú rẹ̀ tún ń ṣe mí. Mo padà sí Plumstead lọ bá Gafar.

Gafar ò fẹ́. Ó ní òkú ni wọ́n fẹ́ kí òun jẹ́, òun ò lè jẹ́ òkú fún ẹnikẹ́ni. Mo kúnlẹ̀ fún un ní kíṣìnì wa, lójú ọkọ mi. Ìgbà tó gbà tán, iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé Mummy máa bi í ní ọ̀rọ̀ méjì-méjì bó ṣe máa ń bi Wọlé. Mo jókòó tì í bíi tíṣà lẹ́sìnnì. Mo ní, "Ẹni tó gbà ló borrow, ẹni tó fún un ló lend. Tó bá béèrè, kó o mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í, bí Wọlé ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n má ṣì í tagọ̀tagọ̀ o."

"Ìyá Tiwaladé," Gafar ní, "kí n mọ̀ ọ́n, kí n tún ṣì í? Mo lè wa bọ́ọ̀sì olókè méjì gba ẹ̀gbẹ́ tésàn rélùwéè Woolwich Arsenal kọjá pẹ̀lú gbogbo wàhálà ibẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè wa lend."

"Hear àti listen ńkọ́?"

"Hear, ó kàn bọ́ sí mi létí ni. Listen, èmi ni mo tẹ́tí sí i."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Rob àti steal?"

"Àwọn olè," ó ní. A bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà a rántí ohun tí a ń ṣe, ẹ̀rín tán.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Auntie gbé mi dé Moorings. Kò wọlé. Ó ní òun ò lè gbọ́ ohùn yẹn, òun á dúró nínú mọ́tò. Jayden ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ etí òsì Mummy, mo sì jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí n lè gbọ́.

"Mummy, ẹ káàsán, ma. Wọlé ni."

Mummy tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ohùn rẹ dà bí ẹni tó ti rẹ̀."

"Iṣẹ́ ni, ma. Ẹ dákun, ẹ máa lo oògùn yín."

Mo ń retí borrow. Mo ń retí rob. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé Olúwa, ràn án lọ́wọ́. Mummy ò sọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ó tún ìjókòó rẹ̀ ṣe, ó sì gbé ohùn kan jáde tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn tí ìyá fi ń kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀. "Àjàgbé! Àjàgbé o! Àjàgbé ọmọ mi!"

Gafar, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà. "Màmá mi! Mo wà ńbí, ma!"

Mummy rọra ní, "O ṣé o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ìyá tìrẹ náà wá ọ tì." Ó ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí n pa á.

Mo pa á. Ó ń wo omi ẹ̀yìnkùlé.

"Oríkì bàbá wọn ni Àjàgbé," ó ní. "Òun ni mo fi ń kí i láyé ẹ̀. Wọlé ń jẹ́ Àlàó. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́, Àlàó ni mo ń pè é. Ọmọ mi ò lè dáhùn sí oríkì bàbá ẹ̀ láé."

A ti kọ́ Gafar ní gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ayé, kò sẹ́ni nínú wa tó rántí oríkì.

"Mọ́wùnmí. Àwọn àgbà ní 'ọmọ mi kú' sàn ju 'ọmọ mi nù' lọ. Èwo ni tèmi?"

Láti ibi tí mo dúró sí, mo ń rí orí Auntie nínú mọ́tò láti fèrèsé iwájú. Mo fojú inú rí Tiwaladé nínú yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo rí ẹrù wa nílẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Mo tún wo obìnrin yìí, ojú rẹ̀ tó wú, ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, tó fi di etí aṣọ mi mú. Ṣé ó yẹ kí ìyá máa tọrọ ikú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ẹni tọrọ omi? Mo kúnlẹ̀.

"Ó kú, Mummy. Wọ́n ti sin ín. Wọ́n ní kò jẹ̀rora."

Mo ti di èjìká rẹ̀ mú, mo ń retí igbe. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn ò jáde. A bá gbọ́ tí ilẹ̀kùn mọ́tò gbá níta.

Ó fún mi lọ́rùn ọwọ́ pinpin. "Fọlákẹ́mi ò gbọdọ̀ mọ̀ pé mo mọ̀."

"Mummy, ẹ jẹ́ kó mọ̀. Ẹ sọ fún un pé oríkì lẹ fi mú wa."

"Oríkì ò sọ fún mi pé wọ́n ti sin ín. Tí mo bá bú sẹ́kún báyìí, ta ló máa ní ó sọ ọ́? Ta ló máa ní kò kọ́ ọmọkùnrin yẹn dáadáa? Mo bí i, mo mọ̀ ọ́n. Ìbínú ló máa kọ́kọ́ ṣe, kó tó wá ronú, ẹ ti wà lójú ọ̀nà ilé. Ọmọ mi kan ti lọ. Mi ò ní fi ẹkún ẹ̀ lé ọmọ ẹlòmíràn lọ." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó tún ojú ṣe. "Dìde."

Auntie wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mummy, ṣé ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀?"

"Mo gbọ́ ọ. Ẹ gbé oògùn mi wá."

Auntie dì mọ́ mi ní kíṣìnì, ó ń dúpẹ́. Mo dúró bí igi.

Ẹ̀ẹ̀kan péré tí Auntie wí ńkọ́? Gbogbo ọjọ́ Sunday ni Gafar ń pè báyìí. Ara Auntie ti balẹ̀, ó máa ń jókòó gbọ́ wọn. Mummy á ju ọ̀rọ̀ méjì sí Gafar, Gafar á ṣì í, Mummy á rẹ́rìn-ín, Auntie náà á rẹ́rìn-ín. Gafar ti bẹ̀ mí pé òun fẹ́ ṣíwọ́. Mo ní kó ní sùúrù, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ohun tí sùúrù náà ń dúró dè. Mo ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó pọ̀, wọ́n ní àwọn ò gba onífísà.

Ilé ìwẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni Mummy ti lè sunkún. Tí mo bá ti gbé e jókòó láàárọ̀, tí mo ti ilẹ̀kùn, á ní kí n ṣí omi gidi. Ìgbà yẹn ló ń pe Àlàó. Á kì í látòkè délẹ̀, á bi í léèrè ìdí tí kò fi dúró de òun, á máa lu itan rẹ̀ tó ti kú. Èmi á máa da omi sí i léjìká, èmi náà á máa sunkún. Tí mo bá nu ara rẹ̀ gbẹ tán, ó parí nìyẹn, ó tún di ọ̀la.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹkún náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ké, igbe ńlá. Kíá, Auntie ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń kan án. "Mummy! Mummy, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Omi ń dà. Mummy gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó mí kanlẹ̀, ó sì dá a lóhùn, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere.

"Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Ọṣẹ ló kó sí mi lójú."

"Mọ́wùnmí!" Auntie kígbe láti ìta. "Ṣé o ò lè rọra ni? Ìyá wo lo fẹ́ kí n tún rí?"

Mo nu ojú mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, ma."